Ìròmi Kọ́, Onílù Rẹ̀ Ni: Ìtọ́sọ́nà fún Yíyẹ Ìlera Odò Ìgboro Wò ní Àkúrẹ́

Nígbà tí mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ bóyá ara Odò Àlà le, ìgò méjì péré ni mo gbé lọ. Mo bomi sí wọn lábẹ́ afárá, mo gbé wọn lọ sí yàrá ìwádìí kan tí n kò ní dárúkọ. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi ìgò náà sílẹ̀ lórí tábìlì kí wọ́n tó yẹ omi inú rẹ̀ wò. Nọ́ńbà kún inú èsì tí wọ́n fún mi, ṣùgbọ́n omi tó ti wà nínú ooru fún ọjọ́ méjì kì í ṣe omi odò mọ́. Bí owó mi ṣe wọgbó nìyẹn.

Ká tiẹ̀ ní wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀, omi tí èèyàn bù lónìí, ti òní nìkan ló lè sọ. Ẹni tó bá da ọ́ìlì dúdú sínú odò lóru ọjọ́ Àìkú, omi yẹn ti ṣàn kọjá kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké abẹ́ òkúta ni kò rí ibi sá lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀, àwọn mìíràn ń lo oṣù, nínú omi kí wọ́n tó hu ìyẹ́. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà yẹn, ojú wọn ló ṣe. Wọ́n ṣáà ní ìròmi tó ń jó lójú omi, onílù rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ọ̀dọ̀ onílù yẹn là ń lọ.

Kí ẹ tó wọ omi

Ẹ wọ bùútù rọ́bà tó ga dé orúnkún àti ìbọ̀wọ́. Ìgò fífọ́ pọ̀ nínú odò ìgboro, ṣùgbọ́n èyí tó burú jù ni àtọ̀sí ajá, àìsàn tó ń mú kí èèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀. Aràn tó ń fà á máa ń gbé nínú àwọn ìṣáwùrú kan, tó bá jáde sínú omi, awọ ara ló ń gbà wọlé. Kò dìgbà tí ẹ bá mu omi náà. Bí omi bá ti kan yín lára, ẹ nù ún gbẹ kíákíá. Bí ìtọ̀ yín bá wá pọ́n lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, oògùn rẹ̀ wà.

Ẹ má dá lọ. Bí òjò bá sì ṣú lápá òkè odò, ẹ jáde, ì báà jẹ́ pé oòrùn ń ràn níbi tí ẹ wà. Gọ́tà oníkọnkéré ló ń gbé òjò ìgboro wọ odò báyìí, kì í fún èèyàn láyè kó tó kún.

Ẹ sì kọ́kọ́ kí àwọn ará àdúgbò. Bí wọ́n bá rí àjèjì tó mú ìwé àti tépù ìwọnlẹ̀ dání létí odò, ohun tí wọ́n máa rò ni pé ìjọba ló rán an wá fi ọ̀dà pupa kọ X sára ilé wọn. Ẹ wá alága àwọn lándíọ̀ọ̀dù, ẹ ṣàlàyé fún un. Ó ṣeé ṣe kó fún yín ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ ibi tí ilẹ̀ ti ń yọ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ yan ibi mẹ́ta, ó kéré tán

Kò sí odò tó ṣeé dá lẹ́jọ́ láìwo òun fúnra rẹ̀ níbòmíràn. Àlà ń bọ̀ láti apá ìwọ̀-oòrùn àríwá Àkúrẹ́, ó la ìgboro kọjá, ó sì forí lé ìlà-oòrùn gúúsù lọ bá Odò Ògbèsè. Nítorí náà, ẹ yan ibì kan lápá òkè tí ilé kò tíì pọ̀, ibì kan láàárín ìgboro, àti ibì kan tí omi ti fi ìgboro sílẹ̀. Ti òkè yẹn ni òṣùwọ̀n yín. Bí owó àti àkókò bá wà, ẹ fi kún un: ibì kan ṣáájú gọ́tà ńlá tí ẹ ń fura sí, ibì kan lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ rí i pé ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọra. Ibi tí omi ti ń sáré lórí òkúta kò ṣeé fi wé ibi tó dúró jẹ́ẹ́ lórí ẹrẹ̀, torí ọ̀tọ̀ ni ẹ̀dá tó ń gbé nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kódà bí omi bá mọ́ rekete. Ẹ wọn 100 mítà létí odò níbi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi fóònù sàmì sí i kí ẹ lè padà síbẹ̀ gan-an.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ rìn létí odò kí ẹ tó fọwọ́ kan omi

Ìgbésẹ̀ yìí làwọn èèyàn máa ń fò, òun ló sì ń ṣàlàyé ohun tí ẹ máa rí lẹ́yìn náà. Ẹ rin 100 mítà yẹn lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹ ka iye gọ́tà àti páìpù tó ń wọ odò, kí ẹ kọ èyí tó ń ṣàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn sílẹ̀ lọ́tọ̀. Páìpù tó ń ṣàn lóṣù Kejì tí òjò kò rọ̀, ilé ẹnìkan tàbí iṣẹ́ ẹnìkan ló ti ń wá. Ẹ wò ó bóyá igi àti ọparun ṣíji bo omi, tàbí kọnkéré ló wà létí rẹ̀. Ẹ wá ibi ìfọkọ̀, ọgbà mẹkáníìkì, ààtàn, ilé ìyàgbẹ́ tí wọ́n kọjú rẹ̀ sí odò. Ẹ wá odò ẹran pẹ̀lú. Kì í ṣe lásán ni Yorùbá ń pe ibi tí wọ́n ti ń pa màálù bẹ́ẹ̀. Etí omi ni wọ́n ti ń ṣe é láti ìgbà pípẹ́, omi náà ló sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ inú ìfun lọ.

Ẹ bá àwọn tó ń dáko àkùrọ̀ sọ̀rọ̀. Màmá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kan bá mi níbi tí mo lóṣòó sí tí mò ń yí òkúta po.

"Ọmọ mi, kí ló sọ nù lọ́wọ́ ẹ?"

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ìdin ni mò ń wá."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí kórobá rẹ̀. "Ìdin! Ìwé tí wọ́n kọ́ yín náà nìyẹn?"

Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ó ní nígbà tí òun wọlé ọkọ, akàn ni àwọn ọmọdé ń kó níbẹ̀ lálaalẹ́. Ó ní ìgbà tí wọ́n la gọ́tà ńlá wá sí apá òkè ni akàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó lè wọn ohun tó wà nínú odò ní 30 ọdún sẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ 3: Ojú àti imú

Ẹ kọ àwọ̀ omi sílẹ̀, ẹ kọ òórùn rẹ̀. Òórùn ẹyin tó bàjẹ́ ń sọ pé ọ́síjìn ti tán nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀.

Ohun méjì wà tó ń tan èèyàn jẹ. Èkíní ni àwọ̀ òṣùmàrè tó máa ń tàn lójú omi. Gbogbo èèyàn á ní ọ́ìlì ni. Ẹ mú igi tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi là á láàárín. Bó bá fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí èèpá tí kò sì padà pọ̀, kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ irin inú ilẹ̀ ló ṣe é, kò ní kí ẹ bẹ̀rù. Bó bá yí lẹ́yìn igi tó sì tún padà so pọ̀, ọ́ìlì tàbí epo mọ́tò ni. Èkejì ni ìfófòó. Ewé tó ń jẹrà lè mú omi hó níbi tí omi ti ń já láti orí òkúta. Ìfófòó bẹ́ẹ̀ máa ń pọ́n díẹ̀, ilẹ̀ ló sì ń rùn. Ti ọṣẹ máa ń funfun, ó máa ń ta sánsán.

Bí ẹ bá rí nǹkan eléérú tó ń yọ̀, tó rọ̀ mọ́ òkúta bí òwú tó rẹ, tó ń fì pẹ̀lú omi, ẹ wo apá òkè ibẹ̀ dáadáa. Ibi tí omi ìgbẹ́ tàbí ti odò ẹran bá ti ń wọlé ló máa ń hù.

Ìgbésẹ̀ 4: Ọsàn kan ti tó láti wọn ìṣàn

Ẹ wá ibi tó tọ́ tí ìbú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ẹ wọn 10 mítà. Ẹ ju ọsàn kan sínú omi, ẹ fi fóònù ka ìṣẹ́jú àáyá tó fi dé òpin. Ọsàn dára ju igi lọ nítorí ó máa ń rì dé ìdajì, afẹ́fẹ́ kò lè tì í. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ pín in dọ́gba. Ká ní ìṣẹ́jú àáyá 25 ló gbà: ìyẹn mítà 0.4 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí odò bá fẹ̀ ní mítà 4, tí jíjìn rẹ̀ bá jẹ́ mítà 0.3 tí a bá pín in dọ́gba, 4 × 0.3 × 0.4 jẹ́ 0.48. Nítorí pé ojú omi máa ń sáré ju ìsàlẹ̀ lọ, ẹ tún fi 0.85 lù ú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 410 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ìdí tí mo fi ń yọ ara mi lẹ́nu lórí èyí ni pé garawa ìdọ̀tí kan náà tí odò ńlá gbé mì, odò tó ti fà kò lè gbé e mì.

Ìgbésẹ̀ 5: Nọ́ńbà díẹ̀ tí ẹ lè wọ̀n níbẹ̀

Tẹmómítà, ìwé tàbí ẹ̀rọ tó ń wọn pH (ìyẹn bí omi ṣe kan tó), ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn bí omi ṣe ń gbé iná mànàmáná kọjá, àti èyí tó ń wọn ọ́síjìn. Bí owó kò bá tó, ẹ fi ti ọ́síjìn sílẹ̀, ẹ má fi ti iná mànàmáná sílẹ̀. Iyọ̀ tó yòrò sínú omi ló ń gbé iná yìí. Àwọn òkúta líle abẹ́ ilẹ̀ Àkúrẹ́ kì í fún omi ní iyọ̀ púpọ̀, nítorí náà nọ́ńbà ẹ̀rọ yìí máa ń kéré lápá òkè odò. Bó bá ṣàdéédé lọ sókè láàárín ibì kan sí èkejì, nǹkan kan wọlé lójú ọ̀nà. Ẹ padà rìn, ẹ máa wọ̀n ọ́n ní mítà 20 sí mítà 20, ẹ ó rí ẹnu páìpù náà. Èmi fi irú ọgbọ́n yìí rí páìpù kan tí wọ́n fi ewé kókò bò mọ́lẹ̀.

Ní ti pH, láàárín 6.5 sí 8.5 kò ní kí ẹ kígbe.

Ọ̀rọ̀ ọ́síjìn gba sùúrù. Omi tó gbóná tó 27°C kò lè gbà ju nǹkan bíi mílígíráàmù 8 nínú lítà kan lọ. Bó bá já sí ìsàlẹ̀ 5, ara bẹ̀rẹ̀ sí í ni ọ̀pọ̀ ẹja. Ní ìsàlẹ̀ 2, díẹ̀ ló lè dúró. Ṣùgbọ́n aago mélòó lẹ wọ̀n ọ́n? Bí ewéédò bá pọ̀ nínú odò, oòrùn á mú kí ó máa pèsè ọ́síjìn láti òwúrọ̀. Tó bá di aago méjì ọ̀sán, omi tó dọ̀tí lè fi nọ́ńbà tó dára hàn yín. Ní òru, ewéédò kan náà á máa lo ọ́síjìn, nígbà tó bá sì fi di ìdájí, àwọn ẹja ti ń yọ ẹnu sójú omi. Ẹ lọ ní aago mẹ́fà àárọ̀. Bí ẹ bá lè tún lọ lọ́sàn-án, ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì: bó bá fẹ̀ jù, ajílẹ̀ tàbí ìgbẹ́ ló ń bọ́ ewéédò.

Ìgbésẹ̀ 6: Onílù ìsàlẹ̀ omi

Ẹ wá àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré. Ajọ̀ gàrí kò ṣe é lò, ojú rẹ̀ ti fẹ̀ jù, àwọn tí ẹ ń wá á jò lọ. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ ògì náà kò dára, ẹrẹ̀ á dí i lẹ́ẹ̀kan. Asẹ́ ìdáná oníwáyà tó ní ọwọ́, tí ẹ so mọ́ igi gígùn, ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ tún mú abọ́ funfun tó tẹ́jú, ṣíbí, àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀.

Ẹ kọjú sí ibi tí omi ń lọ, ẹ ti asẹ́ mọ́lẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ yín. Ẹ wá fi gìgísẹ̀ ru òkúta àti yanrìn sókè kí omi gbé ohun tó bá jáde sínú asẹ́. Ìṣẹ́jú 3 lápapọ̀, ẹ pín in: díẹ̀ lórí òkúta, díẹ̀ lẹ́bàá gbòǹgbò, díẹ̀ nínú ewé tó kó jọ. Ẹ gbé òkúta márùn-ún, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ìsàlẹ̀ wọn sínú abọ́. Apá ibi tí omi ń ṣàn lọ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa gòkè bọ̀, kí ẹrẹ̀ tí ẹ rú má baà ba ibi tó kù jẹ́.

Ẹ bu omi mímọ́ sí abọ́, ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀, kí ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì. Lákọ̀ọ́kọ́, ewé àti yanrìn lẹ máa rí. Lẹ́yìn náà ni "yanrìn" kan máa bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Èyí tó ń rìn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ akọ́lé: ìdin tó fi itọ́ ara rẹ̀ lẹ yanrìn tàbí èérún ewé pọ̀ ṣe ilé, tó ń wọ́ ọ kiri bí ìgbín. Àwọn ìbátan rẹ̀ kan kì í kọ́lé. Ìdin mìíràn ni èyí tí mo ń pè ní onírù mẹ́ta (mayfly). Kò ju hóró ìrẹsì lọ, ìrù rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, ìfinmí bí ewé kéékèèké sì ń gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn rẹ̀ láìsinmi. Ibẹ̀ ló ti ń fa ọ́síjìn, ìdí sì nìyẹn tí kò fi lè fara da omi tí ọ́síjìn ti tán nínú rẹ̀. Onírù méjì (stonefly) fẹ́ omi tó mọ́ ju ìyẹn lọ, ẹ má retí rẹ̀ láàárín ìgboro.

Ẹ ṣọ́ra níbí. Ọmọ lámilámi tín-ín-rín náà ní ìrù mẹ́ta, ṣùgbọ́n tirẹ̀ fẹ̀ pẹlẹbẹ bí ewé, kò sì ní ìfinmí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn. Ọjọ́ kan wà tí mo ka ọmọ lámilámi mẹ́sàn-án mọ́ onírù mẹ́ta, tí mo ń yọ̀ kiri pé odò ti sàn.

Lápá kejì ni àwọn tí ìdọ̀tí kò pa: ekòló tín-ín-rín, eṣúṣú, tanwíjí, ìdin onírù gígùn tó ń na ìrù rẹ̀ sókè láti mí afẹ́fẹ́, àti ìdin pupa. Ohun tó mú ìdin pupa pọ́n ni ohun kan náà tó mú ẹ̀jẹ̀ èèyàn pọ́n. Ó ń di ọ́síjìn mú, ó sì lè gbé nínú ẹrẹ̀ tí àwọn yòókù ti kú sí. Ọ̀kan tàbí méjì kò túmọ̀ sí nǹkan. Bí abọ́ bá pọ́n fún un tí kò sí ẹlòmíràn pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti dé.

Ẹja àrọ̀ ńkọ́? Àwọn èèyàn á ní, "Ẹja ṣì wà níbẹ̀, odò náà dára." Àrọ̀ lè mí afẹ́fẹ́ lókè omi, ẹ̀rí rẹ̀ kò wọ ilé ẹjọ́ mi.

Ìgbésẹ̀ 7: Máàkì

Àwọn ará Gúúsù Áfíríkà ní ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní miniSASS, tí wọ́n ṣe fún ọmọ ilé ìwé àti ará àdúgbò. Ìran ẹ̀dá 13 ló wà nínú rẹ̀. Onírù méjì gba 17, onírù mẹ́ta 11 (èyí tó ń lúwẹ̀ẹ́ bí ẹja kékeré nínú wọn gba 5), akọ́lé àti ìbátan rẹ̀ 9, akàn tàbí edé 6, ọmọ lámilámi 6, ti tín-ín-rín 4, kòkòrò omi abìyẹ́ 5, ìṣáwùrú 4, aràn pẹlẹbẹ 3, ekòló 2, eṣúṣú 2, gbogbo ìdin eṣinṣin àti tanwíjí, títí kan ìdin pupa, 2. Ẹ kò ní ka iye wọn, ìran tí ẹ rí nìkan ni. Ẹ ro máàkì pọ̀, ẹ fi iye ìran pín in.

Ká ní lápá òkè ẹ rí onírù mẹ́ta, akọ́lé, akàn, ọmọ lámilámi, kòkòrò abìyẹ́, ìṣáwùrú àti ekòló: 43, ẹ fi 7 pín in, 6.1. Ká ní láàárín ìgboro ẹ rí kòkòrò abìyẹ́, ìṣáwùrú, ekòló, eṣúṣú àti ìdin pupa: 15, ẹ fi 5 pín in, 3.

Odò Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀n yìí, nítorí náà ẹ má yá ààlà "ó dára" àti "kò dára" wọn lò bó ṣe wà. Àlàfo láàárín 6.1 àti 3 ni ẹ̀rí yín. Àríwísí kan tún wà tí mo ní sí ìlànà náà: ìròmi wà lára àwọn tó ń gba 5, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ló ń mí, ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ kò kàn án tó bẹ́ẹ̀. Mo máa ń ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú ìròmi àti láìsí i.

Bí máàkì bá burú tí omi sì dára lórí gbogbo ẹ̀rọ, ohun méjì ni mo máa ń fura sí. Bóyá ẹnìkan ń da nǹkan sódò lóru tàbí lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Tàbí kó jẹ́ yanrìn: ọ̀gbàrá àti àwọn tó ń wa yanrìn ti dí gbogbo àlàfo abẹ́ òkúta, kò sí yàrá tí onílù á gbé, bí omi ti wù kó mọ́ tó. Ìwé tí ẹ kọ ní Ìgbésẹ̀ 2 ló máa sọ èyí tó jẹ́.

Ìgbésẹ̀ 8: Ìgbà tí yàrá ìwádìí wúlò

Bí àwọn èèyàn bá ń mu omi náà, tí wọ́n ń fi fọ ẹ̀fọ́, tàbí tí ọmọdé ń wẹ̀ níbẹ̀, kòkòrò kò lè sọ ti kòkòrò àrùn inú ìgbẹ́ fún yín. Ẹ gba ìgò tí wọ́n ti bọ̀ lọ́wọ́ yàrá ìwádìí, ẹ má fi omi odò ṣan èyí. Ẹ dojú kọ ibi tí omi ti ń bọ̀, ẹ ti ìgò wọ inú omi ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ dé e, ẹ kó o sínú kúlà oníyìnyín, kí ó sì dé ọ̀dọ̀ wọn láàárín wákàtí 6. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n léèrè: "Ṣé òní lẹ máa bẹ̀rẹ̀?" Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ lébẹ́ẹ̀lì, yíǹkì bírò máa ń ṣàn lọ.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ padà lọ

Ẹ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ lọ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ tó máa ń fọ gbogbo ìdọ̀tí gọ́tà wọ odò, kí ẹ tún lọ nígbà tí òjò bá fẹ́ẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ lóṣù Kẹwàá. Bí àgbàrá ńlá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì sílẹ̀ kí ẹ tó ka ẹ̀dá, torí ó ti gbá wọn lọ.

Tí ẹ bá ti ní èsì ìgbà mẹ́ta, ẹ kó o lọ bá ẹ̀ka tó ń kọ́ nípa ẹja ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, kí wọ́n bá yín tún orúkọ àwọn ẹ̀dá náà yẹ̀ wò, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, pẹ̀lú àwòrán àti àmì ibi tí páìpù wà.

Kí ẹ tó kúrò létí odò lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ da àwọn ẹ̀dá inú abọ́ padà síbi tí ẹ ti kó wọn. Ẹ fọ bùútù àti asẹ́, ẹ sá wọn sóòrùn kí wọ́n gbẹ dáadáa kí ẹ tó gbé wọn wọ odò mìíràn. Ìṣáwùrú kan ṣoṣo tó lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ bùútù ti tó láti dé ibi tí kò sí tẹ́lẹ̀.